Bí Olúlékè Ṣe Fẹ́ Pa Ìtàn Ilé-Ìwé Wa Rẹ́

Ilé-Ìwé Ìfẹ́dàpọ̀,
Odòde,
Ìdànrè.
13 Oṣù Kẹfà, 2024.

Ìbílọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Màmá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn dáadáa? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tó kọ́ èmi àtìwọ, tó ti sú mi pátápátá.

O mọ̀ pé ó pé àádọ́ta ọdún lọ́dún yìí. Èmi tí mo ń ṣe tíṣà níbẹ̀ ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn rẹ̀ fún ayẹyẹ. Mo rìn láti Odòde dé Àtòsìn, mò ń bi àwọn àgbà. Ohun tí ẹnìkan bá sọ, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Níkẹyìn, mo kọ ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí: Màmá Àdúràọlá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ìjọ Aládùúrà, nítorí ọmọ àwọn alágbàṣe oko kòkó, tí ilé-ìwé mìíràn kì í gbà bí ọdún bá ti dé àárín. Láti ìgbà náà, ìgbàkígbà tí ọmọ bá dé la ń gbà á.

Olúlékè, ọmọ-ọmọ Màmá tó di alákòóso wa lọ́dún tó kọjá, fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ọmọ àwọn ènìyàn pàtàkì la dá a sílẹ̀ fún. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ọ̀rọ̀ odò tó gbàgbé orísun wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé láti wá bá olóko kòkó ṣiṣẹ́ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rẹ̀mí, wá. Olúlékè ní kò sáyè, kí wọ́n padà wá ní Oṣù Kẹsàn-án. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo kó ìyá àtọmọ, ó di ilé Màmá Àdúràọlá. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a jọ padà sílé-ìwé.

Wọn ò pariwo. Wọ́n wo Olúlékè, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ni ilé-ìwé mìíràn kọ́kọ́ lé padà. Ọmọ alágbàṣe ni, torí alágbàṣe ni èmi àti ọkọ mi nígbà náà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dá ilé-ìwé yìí sílẹ̀."

Ìbílọlá, kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ ò sọ ọ́ fún un títí tó fi kú. Olúlékè wá lọ gbé àga wá fún Rẹ̀mí fúnra rẹ̀.

Kò tíì bẹ̀ mí o, inú sì ṣì ń bí mi. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ó gbé ìwé ìtàn náà sórí tábìlì mi. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ọmọ alágbàṣe.

Bá mi kí ọkọ rẹ, Màmá yín, àti Kẹ́misọ́lá àbúrò rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀,
Olúrónkẹ́.