Bí Ohùn Ìyàwó Mi Ṣe Ń Dé Etí Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi. Káfíńtà ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ẹ̀rọ la pákó.

Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wá láti yunifásítì, ó wọn ariwo ṣọ́ọ̀bù wa, ó sì yẹ etí wa wò. A rò pé ó lọ nìyẹn. Àfi bó ṣe padà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lóun wá jábọ̀ fún wa. Ó ní kí ìyàwó mi sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, ó wá jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà padà bó ṣe ń dé etí tèmi. Kùn-ùn kùn-ùn lásán, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá!

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. "Háà, baálé mi, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gbọ́ mi látọjọ́ yìí? Mo ṣebí ẹ ń fojú di mí ni!"

Ẹnu mi ò tíì padé títí di òní. Irú ìmọ̀ wo ló ń wọnú etí èèyàn lọ báyìí?

Ó fún wa ní ohun tá a ó máa fi bo etí, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ojo ló ń lò ó. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n wí fún wọn? Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké sókè tẹ́ ẹ bá ń kà á: ìdí rédíò ni gbogbo wọn wà, wọn ò sì mọ̀ pé etí àwọn náà ti ń kú lọ.