Bàtà Tí Mo Wọ̀ Kúrò Lọ́gbà Adìẹ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta fún gbogbo èèyàn, torí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tó ń sin adìẹ.

Ẹ máa ń béèrè lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mo torí ẹ̀ kúrò ní Sábẹ̀ẹ́ wá sí Adja-Ouèrè. Adìẹ la ń tọ́jú, nínú ọgbà kan lọ́nà Massè. Kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, inú ìfun adìẹ ló ń gbé. Kì í ṣe adìẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá wọ ẹnu èèyàn, ó lè dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ẹran tí mò ń bá ṣiṣẹ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ń wá ohun tó lè dín in kù. Ó pín àwọn adìẹ sí ọ̀nà méjì: a ń po efinrin gbígbẹ mọ́ oúnjẹ apá kan, a kì í fún apá kejì. Èmi ni mò ń kó ìgbẹ́ wọn sínú ìgò kéékèèké fún un kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jọ pé efinrin náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ká má tíì yọ̀.

Òfin kan ló fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bàtà rọ́bà tí mo bá fi wọ ọgbà kò gbọdọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kan, òjò rọ̀ títí gbogbo ọ̀nà fi di ẹrẹ̀. Sálúbàtà mi já. Ni mo bá wọ bàtà rọ́bà náà lọ sílé, ní Kpoulou. Opó àgbàlagbà kan ló gbà mí sílé níbẹ̀, Ìyá ni mò ń pè é. Ó rí i pé ó ti rẹ̀ mí. Kí n tó wẹ̀ tán, ó ti ń bá mi fọ bàtà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi mímu. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ̀rọ̀. Mo dákẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò lè gbé orí sókè mu omi. Mo sáré lọ bá Dókítà, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé alùpùpù. A fi Ìyá sáàárín wa, ó gbé orí lé àyà mi, mo sì ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fa omi sí i lára.

Dókítà yẹ ìgbẹ́ Ìyá wò. Ó yẹ ti adìẹ Ìyá náà wò, àwọn tó ń sùn nílé ìdáná. Kòkòrò kan náà ló bá nínú méjèèjì, òun náà ló sì wà lọ́gbà wa. Mo bi í pé ṣé bàtà mi ni àbí adìẹ Ìyá. Ó ní ohun èlò tó wà lọ́wọ́ òun ò lè sọ ìyẹn.

Ara Ìyá yá, ó padà sílé. Gbogbo àlejò tó wá kí i ló ń sọ fún pé èmi ni mo gba ẹ̀mí òun là. Mi ò lè fara dà á. Nígbà tó kírun Jímọ̀ tán, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó béèrè ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo ní láti ìgbà tó ti ń fọ bàtà náà ni. Ó dìde, ó wọlé.

Kò lé mi. Ó ṣì ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí. Ṣùgbọ́n “ọmọ mi” tó máa ń pè mí tẹ́lẹ̀, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ mi ló ń pè.

Ìyá mi, adìẹ yín ṣì ń sùn nídìí ààrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn jáde. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ tuntun yẹn. Bí mo bá pè yín tí ẹ ò tètè gbé fóònù, àyà mi máa ń já.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó ṣọ́ ọmọ náà fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tàgbà tèwe.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ràfíátù