Ọwọ́ Òsì Yín Lára Ògiri

Màámi àtàtà,

Ọwọ́ òsì yín wọ gbọ̀ngàn ńlá kan ní Dansoman, nínú Accra níbí, ní Sátidé tó kọjá, gbogbo èèyàn sì dìde wò ó. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo ṣe yára mú bírò. Orí mi wú, màámi. Títí di àárọ̀ yìí, ó ṣì ń wú.

Ṣé ẹ rántí fóònù tí ẹ máa ń sọ pé yóò fọ́ mi lójú? Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mọ̀ bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, bí a bá nà án ró, bí a bá fì í síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Kọ̀ǹpútà mi máa ń gba ìròyìn yẹn lójú ẹsẹ̀, á sì fi ya àwòrán sára ògiri. Ẹni tó di fóònù mú gan-an ló ń ya àwòrán náà; bó bá ṣe ń fì í ni àwòrán ń yí padà. Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè pé ta ló ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì mọ̀.

Aṣọ yín ni mo fi ṣe àwòrán náà. Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń tú áńkárá fún oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní Lapaz: ẹ ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó wá fi ọwọ́ òsì fì í, gbà, aṣọ á sì tẹ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì láìwúnjọ rárá. Láti kékeré ni mo ti ń fi táwẹ́ẹ̀lì sín yín jẹ nílé wa ní Alajo. Ìfì ọwọ́ yẹn ni mo kọ́ fóònù. Odindi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fì í, títí aṣọ ara ògiri fi ń tú bíi tiyín.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe ńlá kan. Òsì ni mo fi kọ́ ọ, torí òsì lẹ fi ń ṣe é, mo wá gbàgbé pé ọ̀tún ni gbogbo ayé yóò fi dì í mú. Nígbà tí àwọn àlejò dé, bí wọ́n bá ti gbé fóònù, tí wọ́n fì í báyìí, dípò kí aṣọ tú, ńṣe ló ń ká ara rẹ̀ jọ. Ẹni kìíní, ẹni kejì, ó dé orí ẹni karùn-ún. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sábẹ́lẹ̀. Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ni mo ní láti yí padà nínú kọ̀ǹpútà, ìka mi sì ti wà lórí rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Súlè dìde, ọ̀rẹ́ yín tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Èmi ni mo pè wọ́n wá. Wọ́n fi ọ̀tún fì í, aṣọ ká. Wọ́n wo ògiri títí. Wọ́n gbé fóònù sọ́wọ́ òsì, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fì í. Aṣọ tú láti igun dé igun. Ẹ̀ẹ́, Àlájà ti dé o! Igbe tí wọ́n ta nìyẹn, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. Ni gbogbo èèyàn bá ń tò láti fi òsì dán an wò. Ẹ sì mọ Accra wa, ẹni tó bá fi òsì na nǹkan síni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Gà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ògiri kó tó gbé fóònù, kó fì í. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni gbọ̀ngàn rọra bẹ̀ mí pé kí n yí i sí ọ̀tún, torí àwọn àgbà ìlú ń bọ̀ wá wò ó lọ́sẹ̀ yìí, kò sì fẹ́ kó dà bí àfojúdi. Mo rántí ọjọ́ tí obìnrin kan kọ aṣọ sílẹ̀ fún yín ní Lapaz nítorí pé òsì lẹ fi tú u. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé wà níbẹ̀. Nígbà tí a délé, mo bá yín jà, mo ní kí ẹ yé fi ọwọ́ yín dójú tì mí. Láti ọjọ́ kejì lẹ ti ń fi ọ̀tún tú aṣọ. Ó ń já bọ́, ó ń wún jọ, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é títí ẹ fi lọ. Ṣé ó dùn yín? Ṣé ẹ máa ń lo òsì nígbà tí mi ò bá sí nítòsí? Kí ló dé tí ẹ ò gbá mi létí lọ́jọ́ náà?

Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìyá níbẹ̀. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé mi ò yí i, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, n ó kó ẹrù mi. Ó ronú sí i, ó wá gbà, bí mo bá lè kọ ìdí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn àgbà láti kà. Àárọ̀ yìí ni mo kọ ọ́, gàdàgbà gàdàgbà, ní Yorùbá, ní Twi àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí wọ́n fi ọwọ́ òsì dì í mú, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń tú aṣọ. Mo kọ orúkọ yín sísàlẹ̀ rẹ̀ lódindi.

Kí Ọlọ́run Ọba máa kẹ́ yín ní Àlùjánnà. Ẹ forí jì mí, màámi. Ọwọ́ yín ò dójú tì mí rí. Èmi ni mo dójú tì í.

Èmi ọmọ yín, tó ń fi yín yangàn káàkiri Accra.