Bí Mo Ṣe Fa Lekgaun Sọ̀kalẹ̀

Okhrebari,
Ọjọ́ kẹwàá ọdún Dasain, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Sunmaya ọmọ mi,

Àmì abúlé Lekgaun ti pupa lójú kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá òwúrọ̀ yìí, èmi bàbá rẹ ni mo sì sọ ọ́ di pupa. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ìyá rẹ tó fi iyọ̀ àti ata sí i.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé otútù Kathmandu kò mú ọ jù? Kí òrìṣà ilé wa ṣọ́ àlọ rẹ, kí ó ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kí ọ̀gá rẹ má fi ojú burúkú wò ọ́. Ara ìyá rẹ le. Ẹfọ̀n wa bí abo. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní o kò sí nítòsí. Mo kí i kú ọdún, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ bí ẹni tí inú ń bí. Tí ẹ bá jọ ń gbé ilé, ṣọ́ra fún un.

O mọ iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ abúlé gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún wọn òjò fún ìjọba láìfo ọjọ́ kan kò ní sùn lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán kan ló wà nínú rẹ̀, abúlé mẹ́fà, àmì kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀wà lọ, pẹ̀lú ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀, okùn tín-ín-rín sì so gbogbo wọn pọ̀. Tí àmì bá ní àwọ̀ ewé, abúlé yẹn ń bá ayé sọ̀rọ̀. Tó bá pupa, ẹ̀rọ orí òpó rẹ̀ ti kú. Ẹnjinía Khemraj kọ òfin máòsì tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà sínú ìwé fún mi, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tẹ apá òsì lẹ́ẹ̀kan, o ti fọwọ́ kan èjìká abúlé náà. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, o ti kan ilẹ̀kùn, yóò ṣí. Tẹ apá ọ̀tún, yóò to gbogbo ohun tó lè ṣe síwájú rẹ bí ẹni pàtẹ ọjà. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má gbé ìka, kí o máa fà á, yóò tẹ̀ lé ọ. Ti èjìká àti ilẹ̀kùn yẹn, èmi ni mo fi yé ara mi. Odindi oṣù mẹ́rin, n kò ṣì í tẹ̀ rí.

Àná, ọjọ́ kẹsàn-án, a bọ irinṣẹ́ bí a ti ń ṣe. Mo po ìrẹsì, wàrà kíkan àti àtíkè pupa, mo fi tíkà yìí, ìbùkún tí à ń lẹ̀ síwájú orí, sí ìtúlẹ̀, sí dòjé, sí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ. Ó wá kan kọ̀ǹpútà. Mo fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn máòsì, mo sì yí i padà, ni mo bá rí ojú pupa kékeré tí ń tàn níkùn rẹ̀. Mo ní ojú yìí gan-an ló ń ṣiṣẹ́, ìwà àìmoore ni kí n bùkún ẹ̀yìn kí n sì fo ojú. Ìka mẹ́ta ni mo fi lẹ̀ ẹ́, dáadáa.

Jitmaya ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ṣọdún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Lekgaun, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tí orí sì ń fọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, dókítà ní ọdún tàbí kò sọ́dún, òun yóò fojú ara òun wò ó lójú kọ̀ǹpútà lónìí ní aago mẹ́ta, kí òun tó sọ bóyá kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tàbí kí ó jókòó jẹ́jẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni ìrìn yẹn fún ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Mo jókòó síwájú àwòrán láàárọ̀. Mo wo Lekgaun níkangun òkè lọ́hùn-ún, mo wo ilé ìwòsàn nísàlẹ̀, àánú ọmọ náà sì ṣe mí. Mo ní ṣebí mo mọ nǹkan fà. Mo di Lekgaun mú, mo ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí àwo má baà fọ́ nínú ilé wọn. Mo fà á dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, atọ́ka tó ń tẹ̀ lé máòsì lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí eṣinṣin. Ìpayà mú mi tẹ apá ọ̀tún, àtẹ náà là sílẹ̀, mo fẹ́ sá kúrò níbẹ̀, atọ́ka yọ̀, nǹkan kan bi mí ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ìka mi sì ti tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. Lekgaun pupa.

Mo sáré jáde. Lekgaun ṣì wà lórí òkè rẹ̀, èéfín ń yọ nílé mẹ́rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mo pe nọ́ọ̀sì, kò lọ. Ìyá rẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òkè tí baba ńlá mi bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣí nípò, èmi tí n kò lè ṣí ẹfọ̀n kan nípò àfi tí ẹfọ̀n náà bá fẹ́.

Aago méjìlá lù kí n tó rí Khemraj bá sọ̀rọ̀, ó wà lábúlé bàbá rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni bóyá mo fi tíkà síkùn máòsì. Mo ní ìka mẹ́ta péré ni. Ó ní òun ò bá mi wí, èmi ni ẹnì kẹta láàárọ̀ yìí, bàbá òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣíwájú. Ó ní ìrẹsì gbígbẹ ló bo ojú máòsì, kò ríran, ìdí nìyẹn tí atọ́ka fi ń fò. Ó ní fífa àmì kì í fa abúlé, àwòrán lásán ni. Mo ní mo ti ka èéfín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń bi mí bóyá kí kọ̀ǹpútà pa ẹ̀rọ orí òpó Lekgaun ni, èmi sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ti kú kò gbọ́ tí máòsì mọ́. Àfi kí èèyàn gun òkè lọ, kí ó fọwọ́ tan án.

Tekbir ẹ̀gbọ́n rẹ kò dúró gba tíkà ọdún lọ́wọ́ mi. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló gbéra lọ tan ẹ̀rọ náà. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó yẹ kí ó ti débẹ̀ láti aago mẹ́rin kọjá ogún.

Ní aago mẹ́ta mo pe dókítà, mo jẹ́wọ́. Ó béèrè bí ẹsẹ̀ Jitmaya ṣe rí, mo ní n kò mọ̀. Ó béèrè bóyá ó ń ríran dáadáa, mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun yóò dúró di aago mẹ́fà. Tí òun ò bá rí i, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ láìdúró. Sunmaya, ta ni yóò sọ fún wọn? Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà débẹ̀ ni mo pa.

Mo ti fi òwú àti omi gbígbóná nu ikùn máòsì. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú abọ́ idẹ, ó sì gbé abọ́ náà lé itan.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra máòsì tuntun, èyí tí kò ní ojú nísàlẹ̀, bí wọ́n bá ń ṣe irú rẹ̀. Mo di tíkà rẹ àti ewé ọkà bálì sínú ìwé yìí, awakọ̀ jíìpù yóò gbé e wá. Fi í síwájú orí rẹ. Kí o gbó bí òkè, kí ọ̀rọ̀ rẹ máa ṣàn bí odò, kí ẹnikẹ́ni má pa ọ̀nà mọ́ ọ. Má sì jẹ́ kí ó kan irinṣẹ́ rẹ kankan.

Èmi ni bàbá rẹ, Dhanbir.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Lekgaun ti kúrò ní pupa, ó ti di àwọ̀ ìyeyè. Khemraj ní ìyeyè túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ń jí, kò tíì sọ̀rọ̀, àti pé òmíràn máa ń jí kó tún sùn. N kò tíì dá àmì rẹ̀ padà sókè, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ló ṣì wà. Dókítà wà lórí fóònù. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Ìyeyè ni síbẹ̀.