Ewé Mẹ́jọ Tí Ó Wà Létí Tivaevae Wa

Areora, ní erékùṣù Atiu,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ mi Teokotai,

Kia orana o. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé o ń jẹun kánú, ṣé òtútù Auckland kò tíì wọ egungun rẹ? Àwa níbí ń dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ kì í dùn wọ́n rárá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń mu ọtí ọsàn nínú igbó, mi ò tíì mọ irú àìsàn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ dúdú bí mẹ́sàn-án, ó tẹ ọ̀kan pa. Ọlọ́run tí ó gbé ọ kọjá òkun yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní rí ọ fín, àmín.

Teokotai, orí mi wú. Láti ọjọ́ Ẹtì tí o ti pè pé tivaevae wa, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí a fọwọ́ rán òdòdó sí yẹn, gba ipò kejì ní gálárì àdúgbò yín, mi ò tíì sùn bí èèyàn ṣe ń sùn. Àádọ́rùn-ún iṣẹ́ ni wọ́n mú wá, ogójì péré ni àwọn adájọ́ jẹ́ kó wọlé, nínú ogójì yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣáájú wa, o sì ní ìkòkò amọ̀ ni ó gbé wá. Pásítọ̀ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí àwa tí a rán an dìde. A dìde, àwa méje, gbogbo wa pẹ̀lú àkẹtẹ̀ funfun wa, ìjọ pàtẹ́wọ́, bàbá rẹ ń pàtẹ́wọ́ lọ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́, títí mo fi tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀.

O máa ń sọ pé èmi ni mo dá gbogbo wàhálà inú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kí o lè rí i pé gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. O ní kí n ya tivaevae náà ní fọ́tò, mo yà á. O ní ó tóbi jù, pé gálárì kò lè gbà á. Mo ká aṣọ sí méjì, mo tún un yà. O ní ó ṣì tóbi. Mo ká a sí mẹ́rin, o wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n ń rin, o ní kì í ṣe aṣọ ni ó tóbi. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ó tóbi níbẹ̀ títí di òní. Mo tẹ́ ẹ padà sórí okùn, mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi wọ oko kókò àǹtí rẹ Ngatokorua, kí ó lè kéré dáadáa nínú fọ́tò, lọ́jọ́ kejì o ní ó ti wọlé. Ṣé o rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Fọ́ọ̀mù wọn náà dé. Ó béèrè pé kí ni iye aṣọ náà bí iná bá jó o mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo gbé ìbéèrè yẹn lọ bá ẹgbẹ́ aránṣọ wa, a jókòó lé e lórí fún ìrọ̀lẹ́ méjì. Ngatokorua ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, ṣé wọ́n ti ń gbèrò iná ni? A wá fẹnu kò pé bí iná bá jó o, kí gbogbo àwọn ará gálárì wọ bàálù wá sí Atiu, kí kálukú mú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ dání, kí wọ́n wá bá wa rán òmíràn, oúnjẹ wà. O ní nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́. Mo ní kí o kọ mẹ́jọ, torí àwa mẹ́jọ ni. O kò sọ ohun tí o kọ fún mi.

O tún ní àwọn tó ni gálárì náà kì í wá èrè, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbowó, wọ́n kàn ń wá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń gbé nǹkan kọ́ ògiri. Mo bi ọ́ nígbà náà pé ìjọ wo ni wọ́n. Ìjọ yòówù kí wọ́n jẹ́, a ti ń gbàdúrà fún wọn ní gbogbo Ọjọ́rú, pàápàá nígbà tí o fi inú ilé wọn hàn wá lórí fóònù tí a rí i pé kò sí àga kan níbẹ̀, ògiri funfun lásán. Bàbá rẹ ní bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá kù. O ní àwọn adájọ́ mẹ́ta náà kò gbọdọ̀ mọ orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kankan, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́. Àánú wọn ṣe mí. Nílé wa níbí, tí àwọn olùyẹ̀wò ilé bá dé lọ́dọọdún, wọ́n mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, wọ́n á yí tivaevae rẹ padà kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fa òwú wò, wọ́n á jẹun, tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣojúsàájú, ojú rẹ náà ni wọ́n á ti ṣe é. Mo rò ó pé ẹni tí kò fẹ́ràn àwọn mẹ́ta yìí ni ó gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí a tó di aṣọ náà sínú àpótí, mo mú òwú pupa, mo fi kọ orúkọ àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí etí rẹ̀, gàdàgbà gadagba, kí ẹni tí ojú ń dùn náà lè kà á.

Orúkọ Upokoina ni mo kọ́kọ́ kọ. O mọ̀ ọ́n, òun ni ó fa eyín rẹ àkọ́kọ́ tí o sì gé e níka jẹ. Òun ni ó gé òdòdó inú tivaevae yẹn. Ó ká aṣọ pupa náà sí mẹ́jọ, kò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kankan, ó kàn ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ bí ẹni ń gé búrẹ́dì, nígbà tí a tú u, òdòdó ti kún ilẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwa yòókù tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwa kàn rán an ni. Ó kú ní oṣù kẹta, a kò tíì rán an dé ìdajì. Ngatokorua àbúrò rẹ̀ fẹ́ kí á fi wé òkú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ti ń fi tivaevae sin òkú níbí, mo ní rárá, Upokoina kì í fi ojú kan iṣẹ́ tí kò parí kí inú má bí i, yóò dìde bá wa jà. Òmíràn ni a fi wé e. Ṣùgbọ́n àwa méjèèje ṣèlérí létí sàréè pé aṣọ yìí yóò dé Auckland, orúkọ rẹ̀ yóò sì bá a dé ibẹ̀, òun tí kò rìn kọjá ọsibítù Rarotonga rí ní ayé rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí wa nígbà tí o rí fọ́tò àwọn orúkọ yẹn tí mo fi ránṣẹ́, tí o pariwo lé mi lórí, tí obìnrin gálárì náà, Bronwyn, sì kọ̀wé pé kí a tú orúkọ kúrò tàbí kí a bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ wa kò ní lè jáde síwájú àwọn adájọ́. Ngatokorua ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fi sísọ́ọ̀sì kan orúkọ ẹ̀gbọ́n òun, kí ó kọ́kọ́ fi gé ìka òun. Àwọn kan ní kí á gbé aṣọ wa padà sínú àpótí, kí Auckland máa wo ìkòkò. Mo ní ọmọ mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí ọmọ mi wá rán aṣọ nígbà náà. A jà débi pé kọfí tutù. Ngatokorua yìí kan náà ló tún sọ pé, ó dáa, wọ́n ní kí a bò ó, ẹ jẹ́ ká bò ó. A gé ewé bẹ̀rẹ̀fúùtù mẹ́jọ láti ara aṣọ aláwọ̀ ewé tó kù, a rán ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò rí i pé ewé yẹn kò bá òdòdó lọ rárá. Upokoina ì bá ti gbá wa lọ́wọ́.

Wá wo ohun tí àwọn adájọ́ sọ! Nígbà tí o kà á fún wa lórí fóònù, o ní wọ́n ní àárín rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ewé mẹ́jọ tó wà létí, tí kò bá ìyókù dọ́gba, ni ó gba ọkàn àwọn, ó dà bí ẹni pé aṣọ náà ń pa nǹkan mọ́ sínú. A rẹ́rìn-ín títí Ngatokorua fi sáré jáde. Nígbà tí mo tẹ̀ lé e jáde, ẹkún ni mo bá a tí ó ń sun.

Ohun tó ń dùn mí báyìí ni káàdì tí o ní wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí. O ní àyè orúkọ kan ṣoṣo ni ó wà nínú fọ́ọ̀mù, orúkọ mi ni o sì fi síbẹ̀. Akaiti, èmi nìkan. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ẹ yà lọ́nà o, Akaiti tí ó dá ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́jọ ń kọjá lọ! Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò lè wo ojú Ngatokorua. Bronwyn sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ewé yẹn, bí àwọn adájọ́ ṣe rí aṣọ náà ni kí ó wà títí ìpàtẹ yóò fi parí ní òpin oṣù, lẹ́yìn náà kí ó máa bọ̀ wálé. Ìyẹn ni pé Upokoina yóò lọ Auckland, yóò sì bọ̀, láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wá.

Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là. Bẹ Bronwyn dáadáa, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kí o kí i, kí ó jẹ́ kí o kọ orúkọ Upokoina sí káàdì yẹn, kí ó yọ tèmi bí àyè kò bá tó. Àwa tí a wà láàyè lè fi ẹnu ara wa dárúkọ ara wa. Kọfí tí mo fi ránṣẹ́ yìí, tiwọn ni ìdajì rẹ̀, má mu gbogbo rẹ̀.

Òwú wa ti tán, pàápàá pupa. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣí díẹ̀, fi owó ránṣẹ́, kí o fi ti oògùn orúnkún bàbá rẹ kún un, kí o má sì jẹ́ kí wọ́n mọ iye tó jẹ́. Ọlọ́run tí ó fún Upokoina ní ọwọ́ tó fi gé òdòdó, yóò bùkún ọwọ́ tìrẹ náà. Ibi tí wọn kò mọ̀ ọ́ sí, wọn yóò mọ̀ ọ́. O kò ní rìn kí ó má hàn pé o wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Akaiti.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa kí Ngatokorua tó wọlé. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ewé méje ni a ta kókó sí ìdí òwú wọn. Èyí tó bo orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rán an, kò sì ta kókó kankan sí i. Ó ní atẹ́gùn ilé yẹn àti àwọn tó ń kọjá yóò ṣe ìyókù. Bí o bá dé ibẹ̀ tí o rí ewé kan nílẹ̀, má gbé e padà sókè. Fi í sí àpò rẹ, kí o dúró síwájú aṣọ náà, kí o sì ka orúkọ tí o bá rí níbẹ̀ sókè fún wọn.