Ìró Tí Mọ́ládé So Mọ́ ti Ìyá Àgbà

Ṣakí,
14 Okúdù, 1979.

Festus àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ reluwé ní Kàdúná. Mo lérò pé ara rẹ le. Ara tiwa náà le, àfi ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí. Mọ́ládé ọmọ rẹ sùn lọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lánàá. Nínú wákàtí méjì, ìdajì ojú ìwé ló kọ.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló kù tí yóò ṣe ìdánwò lé lórí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn sọ fún mi pé bó bá tún sùn lọ́jọ́ Ajé, ọdún márùn-ún tó lò níbẹ̀ já sófo nìyẹn.

Ọ̀lẹ ni mo pè é. Mo ti bá a wí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì nà án lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dùn mí báyìí. Nọ́ọ̀sì Florence, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló yẹ̀ ẹ́ wò lánàá. Kò sí ibà lára rẹ̀. Ó wá bi í pé, "Ta lo ń sùn tì lálẹ́?"

Ibẹ̀ lọmọ ti bú sẹ́kún. O mọ̀ pé yàrá Màmá wa ló ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Láti oṣù tó kọjá, ó ń so etí ìró rẹ̀ mọ́ etí ìró Màmá lálaalẹ́, á sì lajú sílẹ̀ títí wọn yóò fi pe ìrun àárọ̀. Ohun tó fà á ni pé Màmá sọ pé, "Lọ́jọ́ kan ẹ ó jí, ẹní mi nìkan lẹ ó bá."

Lẹ́tà rẹ ló dá a sílẹ̀. O kọ ọ́ pé kí Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ máa bọ̀ ní Kàdúná, kí Màmá kó lọ bá àbúrò tiwọn ní Òfìkì. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé; Mọ́ládé ní í ka lẹ́tà rẹ sí wọn létí. Ó kà á bí o ṣe kọ ọ́, níṣojú àwọn méjèèjì. Màmá gbà pé Àyìnkẹ́ ló kọ́ ọ ní ohun tí o kọ. Àyìnkẹ́ búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá á ní, "Mọ́ládé, sọ fún ẹni tó wà nídìí ààrò pé iyọ̀ ti pọ̀ jù." Àyìnkẹ́, tí kò jìnnà sí Màmá ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, á ní, "Mọ́ládé, sọ fún wọn pé omi wà nínú àmù." Ọmọ náà sọ fún Nọ́ọ̀sì pé, "Èmi ni mo kà á, mà. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá fo ibẹ̀."

Mo ní kó sùn sílé Nọ́ọ̀sì lánàá. Aago méje alẹ́ ló sùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù báyìí, kò tíì jí. Wá sílé, Festus. Má kọ lẹ́tà sí wọn mọ́, ọmọ yìí náà ni yóò kà á. Wá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run fún ilé wa ní oorun ìtura, kó sì mú ẹsẹ̀ rẹ kanlẹ̀ láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́,
Mákindé.

Àfikún: Mo fẹ́ lẹ àpòòwé yìí pa ni Àyìnkẹ́ sáré dé. Ẹní nìkan ló bá ní yàrá Màmá. Òkè, awakọ̀ Òfìkì, ní òun gbé ìyá àgbàlagbà kan ní ìdájí òní, àmọ́ gèlè bo ojú rẹ̀. Mo ti rán ẹni tó ní alùpùpù lọ sí Òfìkì láti wò ó bóyá Màmá ni. Kò tíì padà dé. Mọ́ládé ṣì ń sùn.