Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Di Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, 7 Fẹ́búárì 1921. Ọ̀kà.

Àwọn tó ń wọn ọ̀nà dé láti Ìkàrẹ́ lónìí. Òyìnbó kan ló ṣáájú wọn, ó ga, oòrùn ti pa á lójú. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́wọ̀n, nítorí ẹ̀wọ̀n irin tó fi ń wọn ilẹ̀ — Ọlọ́run má jẹ́ kó gbọ́. Wọ́n kan èèkàn kan mọ́ igun ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n kan òmíràn sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí wa. Ọ̀nà ọkọ̀ mọ́tò fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Ọ̀kan nínú ilé Ọlọ́run méjèèjì gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún un.

Èmi tíṣà ni ògbufọ̀. Bàbá Ìjọ wa, Zacchaeus — Òpó ni mo ń pè é nínú ìwé yìí nìkan, nítorí ojoojúmọ́ ló ń sọ pé òun ni òpó tó gbé ìjọ ró — ní kí n bá òun bẹ òyìnbó náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́wọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun jagun ní ilẹ̀ Ítálì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Orí òkè ni àwọn ìlú kéékèèké ibẹ̀ wà, bí Ọ̀kà gan-an, kò sì sí òkè tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Òmíràn ti pé ẹgbẹ̀rin ọdún. Kò sẹ́ni tó jẹ́ la ọ̀nà gba inú irú wọn.

"Tiyín yìí ńkọ́?" ló bi mí. "Ó ti tó ọdún mélòó?"

Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún Òpó, mo sì yíjú padà láti dáhùn pé ọdún méje. Òpó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n sọ fún un pé a ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ajẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Fẹ́búárì

Ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Àṣẹ: kí akọ̀wé — èmi náà nìyẹn — kọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kó gùn. Kó pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 10 Fẹ́búárì

Mo kọ ojú ewé kan. Pé ní 1914 la mọ ògiri rẹ̀. Pé Elizabeth ìyàwó mi ló kó àwọn obìnrin jọ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta lu ilẹ̀ rẹ̀, orin lẹ́nu wọn, títí ilẹ̀ fi ń dán. Pé òun ni obìnrin tí a kọ́kọ́ ṣèrìbọmi fún níbẹ̀. N kò kọ ti lúkúlúkú, àjàkálẹ̀ àrùn tó mú un lọ ní 1918. Ìyẹn kò kan ajẹ́lẹ̀.

Òpó kò mọ̀wé, nítorí náà mo kà á sí i létí. Ó ní ìwé yìí dára fún ìsìnkú, kò dára fún ìjọba. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ọlọ́dún méje ni yóò bá ti ẹlẹ́gbẹ̀rin ọdún dúró? Kí n sọ ọ́ di ọgọ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Fẹ́búárì

Ọgọ́ta. Ó dáa. Ta ló wá dá a sílẹ̀ ní 1861, nígbà tí gbogbo ìlú ń sá ogun káàkiri inú ihò àpáta?

Òpó ní bàbá òun ni. Mo rán an létí pé kùmọ̀ ni bàbá rẹ̀ fi lé oníwàásù jáde nílé. Ó ní ìyẹn gan-an fi hàn pé ó ti mọ oníwàásù tipẹ́.

Obìnrin tí a kọ́kọ́ ṣèrìbọmi fún wá di ìyá Òpó. Mo fa ìlà gba orí orúkọ Elizabeth. Ìlà kékeré ni. Ó pẹ́ kí n tó fà á tán.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Fẹ́búárì

Èmi ni mo ka Òfin Mẹ́wàá sí ìjọ létí. Mo sáré ka ìkẹsàn-án, ti ẹ̀rí èké, kọjá.

Ọjọ́rú, 16 Fẹ́búárì

Ọ̀ṣẹ́nì wá. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, òun ni akọ̀wé lemọ́mù. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: ìtàn mọ́ṣáláṣí. A jókòó sábẹ́ àpáta, a ń fi irọ́ wéra. Mo ní tiwa ti di ọgọ́ta. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìdílé mẹ́ta ló ń du ìpìlẹ̀. Ọ̀kan ní ọgọ́rin ọdún, èkejì ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹta ní mọ́ṣáláṣí ti wà níbẹ̀ kí àpáta tó dé. Wọn kò gbọ́ra wọn yé. Kò tí ì rí ìlà kan kọ.

"Rufus," ó ní, "irọ́ tiyín ní olórí. Tiwa ní mẹ́ta."

Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Fẹ́búárì

Ìwé ti lọ. Ojú ewé méjìlá. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 28 Fẹ́búárì

Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Òpó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jọ àgbà. Wọ́n dáná ewé tútù sínú rẹ̀ kí ògiri lè dúdú. Wọ́n tú koríko òrùlé ní ibi mẹ́ta. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn tuntun, wọ́n fi ti ilé ewúrẹ́ Òpó rọ́pò rẹ̀. Ó ṣì ń rùn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Máàṣì

Ajẹ́lẹ̀ dé, òun àti Ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n gbé Ìyá Mọ́júbọ́lá wá, òun ló dàgbà jù nínú ìjọ. Òpó ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: pé ọmọ ọwọ́ lòun nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún òun níbẹ̀. Ìyá sọ ọ́. Ó wo fìlà ajẹ́lẹ̀, ó wo ojú gbogbo wa, ó gbádùn rẹ̀. Ó ní àti ìyá òun pẹ̀lú. Ó ní àti ìyá ìyá òun.

"Ibi tí o dúró sí yẹn," ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ ajẹ́lẹ̀, "ibẹ̀ ni wọ́n ti bu omi sí i lórí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Ajẹ́lẹ̀ ṣírò rẹ̀: ọgọ́fà ọdún. Ó wo òrùlé, ó sún sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan ògiri, èéfín lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣubú. Ó kọ̀wé, ó tún kọ̀wé. Òpó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ó kọjá sí mọ́ṣáláṣí. Ọ̀ṣẹ́nì ní àwọn àgbà ṣì ń jíròrò. Ajẹ́lẹ̀ wo ògiri funfun náà, ó kọ ìlà kan péré.

Ọjọ́rú, 9 Máàṣì

Èsì dé. Èmi ni mo kà á fún ìjọ. Ìjọba bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí ilé yìí. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ tó ti lo ọgọ́fà ọdún, tí òrùlé rẹ̀ jò, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣubú, ó lè wó pa olùjọsìn nígbàkigbà. Nítorí ẹ̀mí ènìyàn, kí wọ́n wó o kí òjò tó dé. Ọ̀nà yóò gba ibẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tó jẹ́ ilé tuntun tó lágbára, kó dúró.

Òpó ní kí n kọ èsì kíá pé akọ̀wé ló ṣi ọdún kọ.

Mo kọ ọ́ pé akọ̀wé ló ṣi ọdún kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Máàṣì

Ajẹ́lẹ̀ fèsì. Ìlà kan: òun fetí ara òun gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá arúgbó.

Ọjọ́rú, 16 Máàṣì

Ọjọ́ kẹta tí lébìrà méjìlá ti ń wó ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n rò pé òwúrọ̀ kan ni. Ògiri kọ̀, kò wó. Ẹlẹ́wọ̀n nu òógùn, ó ní àwọn ará àtijọ́ mọ ilé kọ́, òun kò rí irú rẹ̀ ní Ítálì pàápàá.

Ilẹ̀ ló kẹ́yìn. Wọ́n gbé ọkọ́ lù ú, ọkọ́ ta padà. Mo dúró títí wọ́n fi lù ú já. Mo lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, 20 Máàṣì

Abẹ́ igi la ti jọ́sìn. Òpó kéde pé a ó kọ́ tuntun sísàlẹ̀ òkè. Kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ọlọ́gọ́fà ọdún ló ṣí nípò, pé bàbá òun ló dá a sílẹ̀.

Mo dìde. Mo ní 1914 ni. Mo ní Elizabeth ló lu ilẹ̀ rẹ̀. Òpó ní kí n jókòó. N kò jókòó.

Ìyá Mọ́júbọ́lá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. "Èmi ni mo ń wọ́n omi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lù ú," ó ní. "Ìyá mi kò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Òpó bi í pé kí ló dé tó fi sọ èyí tó sọ níwájú ajẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní kó pẹ́. Mo jẹ́ kó pẹ́."

Ọjọ́ Ajé, 21 Máàṣì

Wọ́n yọ mí nípò akọ̀wé. Zachariah, àbúrò Òpó, ló bọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Máàṣì

Zachariah wá lọ́sàn-án, ìwé ìjọ lábíyá. Kò mọ̀wé. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti yọ yín."

Mo fún un ní àga. Mo kọ ọ́: a yọ Rufus nípò akọ̀wé. N kò gbé kálàmù sílẹ̀. Mo kọ 1914. Mo kọ Elizabeth, mo kọ Mọ́júbọ́lá tó wọ́n omi, mo kọ gbogbo obìnrin tó lu ilẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ewúrẹ́ tó ni ilẹ̀kùn. Ojú ewé náà kún.

Zachariah bèèrè bóyá kò ti gùn jù.

Mo ní bí ìyọnípò ṣe máa ń gùn nìyẹn.

Ó tẹ̀ka sísàlẹ̀ rẹ̀, ó dúpẹ́ gidigidi, ó gbé ìwé lọ fún Òpó kó lọ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ìjọ.